Ewúrẹ́ Jẹ Ọjọ́ Náà

Ogójì ìwé ìkéde la tẹ̀ ní Òkè-Fìà,
owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ló bá a lọ.
Fárónbí ní gọ́ọ̀mù ti wọ́n jù, ká fi ògì lẹ̀ ẹ́.
A fi ògì lẹ̀ ẹ́, láti Ọlá-Ìyá títí dé ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́.
Kílẹ̀ tó mọ́, ewúrẹ́ ti gba ibẹ̀ kọjá.

Wọ́n jẹ orúkọ mi. Wọ́n jẹ "Ọ̀fẹ́ ni."
Ọjọ́ tá a máa kọrin gan-an, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, àádọ́ta àga tá a háyà
ń wò wá bí ẹni tá a jẹ lówó.
Èèyàn mọ́kànlá. Mẹ́ta jẹ́ ẹ̀gbọ́n Mùtíátù.
Iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Mo ta gìtá lásán,
ohùn mi kéré débi pé mò ń gbọ́ ẹ̀fọn.

Ni bàbá arúgbó kan bá yọ, ó fa okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́:
"Ta ló ni ìwé tẹ́ran mi jẹ tí inú fi ń run ún?"
Fárónbí sá sẹ́yìn àga.
Bàbá dúró. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ kan. Ó jókòó.
Nígbà tí mo parí, ó ní,
"Ẹ tún un kọ. Ẹran yìí ò tíì gbọ́ ọ dáadáa."

A tún un kọ.
Owó àga ṣì wà lọ́rùn wa dòní.