Ilé Ọ̀sán

Àbúrò mi ló sọ ọ́ lórúkọ, kó tó wọ bàálù lọ sí Kánádà:
Tìẹńkọ́.
Nítorí aládùúgbò wa kan
tó máa ń ka ọ̀ràn ọlọ́ràn bí ẹni ń ka owó oṣù.
Àbúrò lọ. Aládùúgbò kó kúrò.
Ajá ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́,
òun àti orúkọ tí kò rí ẹni bá wí mọ́.

Bí mo bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Ìdí-Àbà,
yóò jókòó ti ilẹ̀kùn, yóò máa hu.
Kì í ṣe gbígbó o. Híhu ni,
bí ẹni pé wọ́n ń túfọ̀ mi lójoojúmọ́.
Láńdílọ́ọ̀dù fi gègé pupa kọ̀wé sábẹ́ ilẹ̀kùn:
Ajá yín, tàbí ilé mi.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. A ń wá ilé ọ̀sán kiri.

Èkíní wà ní Ìbarà. Táìlì ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù ń mí,
wọ́n ya ajá òyìnbó kan sára ògiri,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń du ìbò.
Ọmọbìnrin ibẹ̀ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára,
ó yẹ ọjọ́ inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ìyẹn.
Ó sọ iye owó. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́,
ó tún un sọ.
Owó kọ́ ló lé mi jáde.
Ajá mẹ́rìnlá ni wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ògiri yẹn,
àlejò wọlé, kò sí èyí tó gbó.
Kí ni wọ́n fún wọn mu?

Èkejì, ní Àdìgbẹ, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Múyìwá, ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ:
"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, bí ọmọ la ṣe ń tọ́jú wọn."
Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú.
Abọ́ omi tí ẹ̀fọn ti sọ di ilé ìgbẹ̀bí.
Mo ní, "Bí ọdún Ògún bá dé, ta ní í ṣọ́ géètì?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn jù.
Mo fa okùn Tìẹńkọ́. A ò dágbére.

Ìkẹta kò ní pátákó ìpolówó.
Nọ́ọ̀sì kan ló júwe ibẹ̀, ní Ìtọ́kò, níbi tí òkúta ti jókòó sí àárín ọgbà
bí àgbàlagbà tí wọn ò lè sọ pé kó dìde.
Ajá márùn-ún bú sí wa bí olówó-èlé.
Bàbá Ṣówùnmí, tó fi ọgbọ̀n ọdún ju àsíá fún rélùwéè ní Láfẹ́nwá,
kò tilẹ̀ kí mi. Ó lóṣòó,
ó na ẹ̀yìn ọwọ́, ó dúró de imú ajá.
Ó pẹ́.
"Kí lorúkọ rẹ̀?"
"Tìẹńkọ́."
"Tèmi kẹ̀?" ni bàbá wí. "Ìyàwó mi kú lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá.
Àwọn ọmọ wà ní Jẹ́mánì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ro mí.
Tìẹ ńkọ́?"

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí òkúta.
Ó bi mí bóyá ajá náà ń bẹ̀rù àrá,
bóyá ó ń jẹun bí ẹnìkan ò bá wò ó.
Èkejì yẹn, n kò mọ̀ ọ́n.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé mo fi í sílẹ̀,
mo sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo ń retí kó hu.
Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Mo ti pẹ́ níbi iṣẹ́.
Ó gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
sí ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ níwájú ilé bàbá.
Gbígbó ni. Kì í ṣe híhu.
Ó dùn mọ́ mi.
Ó dùn mí.