Ìbéèrè Keje

Nílùú Łódź, nígbà tí òwú ṣì ń bọ́ ìlú,
ìyá mi fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ.
Nígbà tí wọ́n máa fi dá a sílẹ̀,
ẹnu wa ló ń wò, kì í ṣe ohùn wa ló ń gbọ́.
Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ni mo pè.
Ètè ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀,
wọ́n á ṣòfófó láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn kan dé èkejì,
wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹni tó ń wọn ariwo.

Dókítà Zdzisława ló kọ́ mi níṣẹ́,
obìnrin kúkúrú tí sìgá ti họ lóhùn.
Ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ nínú,
àti fọ́ọ̀mù oníbéèrè méjìlélógójì.
Ó ní, "Bogumiła, iṣẹ́ ló ń ṣe ọṣẹ́,
ṣùgbọ́n ọṣẹ́ kì í jẹ́wọ́.
Ìwọ ni kí o tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀."

A tọ̀ ọ́ lóòótọ́.
A bá a nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń gbọn òwú,
lábẹ́ èékánná àwọn aláró,
ní ìbàdí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ru àpò.
Nígbà mìíràn, wọ́n gbọ́ wa: wọ́n pín ohun ìdití, wọ́n ṣí fèrèsé.
Nígbà mìíràn, ìwé wa ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kó má baà padé.

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́.
Gbọ̀ngàn ìyá mi ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà àti áísìkirimù.
Mo gbé ẹ̀rọ mi, ó di ilé ìkẹ́rùsí ńlá lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ò mira.
Ibẹ̀ dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé.
Orysia, ọmọ Ukraine, so aago kan mọ́ ọrùn ọwọ́;
aago náà ń ka ìṣẹ́jú àáyá tó bá lò nílé ìtọ̀.
Kò tíì mumi láti àárọ̀.
Fọ́ọ̀mù mi béèrè ariwo, ó béèrè eruku, ó béèrè òórùn.
Kò béèrè òùngbẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá,
mo bá Tornike, ọmọ Georgia, níbùdókọ̀,
kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sùn sínú yìnyín,
oúnjẹ ẹlòmíì ń tutù lẹ́yìn rẹ̀.
Orúnkún rẹ̀ ti wú bí ìyẹ̀fun tó ní ìwúkàrà.
A bẹ̀rẹ̀. Orúkọ. Ọjọ́ orí. Ibo ló ń dùn ọ́?
Ìbéèrè keje: *Ta ni ọ̀gá rẹ?*
Ó wo fóònù. Ó wò mí. Ó tún wo fóònù.
"Ẹ kọ ọ́ pé kò sí."
Bí kò bá sí, ta ló wá ń lé ọ sáré nínú yìnyín?
Fóònù dún.
Ó fi orúnkún yẹn náà dìde, ó lọ.

Dókítà Zdzisława ti kú, mi ò lè bi í.
Mo dojú ìwé dé, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.
Mo kọ òùngbẹ. Mo kọ orúnkún.
Mo kọ ọ̀gá tí kò lójú, tí kò lẹ́nu.
Ìyá mi tó mọ ètè kà bí ẹni ka lẹ́tà,
kí ni ì bá rí kà lára gíláàsì yẹn?

Yíǹkì bíírò mi ti dì.
Mo fi èémí yọ́ ọ,
mo ń kọ lọ.