Ihò Etí

Òjò oṣù kẹfà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ní Kọ́táyàmù.
Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, igi rọ́bà a di màlúù tó ti gbẹ:
ẹ fún un títí, kò sí wàrà.
Bàbá mi a gbé ọ̀bẹ kọ́ ara ògiri,
a jókòó, a máa wo òjò bí ẹni ń wo àlejò
tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Inú òjò náà ni lẹ́tà dé.
Lẹ́tà kẹrin. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kí mi dáadáa,
wọ́n yìn mí, wọ́n ní kí n má bínú.
Ìkẹrin ní: Máa bọ̀ ní Gẹ́ǹtì, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù,
wá fi ọdún méjì kọ́ ìmọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀;
a ó san owó ilé ìwé.
Oúnjẹ ńkọ́? Yàrá ńkọ́? Ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́?
Lẹ́tà náà dákẹ́ bí ẹni tó ti yó.

Mo ṣí ìwé ìṣirò, mo fa ìlà sí i láàárín.
Apá òsì: ohun tó yẹ ká ní. Apá ọ̀tún: ohun tó wà.
Apá ọ̀tún kò ju orí mẹ́rin lọ,
ọ̀kan nínú wọn sì ni: ewúrẹ́, bóyá.

Báńkì ní: ilẹ̀ dà? Bàbá ní: ilẹ̀ rèé.
Ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì náà yẹ ìwé wò,
ó ní orúkọ ẹni mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ yìí,
ọ̀kan wà ní Kùwéètì, ọ̀kan ti kú.
Kò sọ pé ká lọ gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ òkú,
àmọ́ ohun tó sọ nìyẹn.

Ó ku kuri. Èsúsú náà ni, àmọ́ tiwa ní gbàǹjo nínú:
ogójì èèyàn ń dá a, ẹni tí ara bá ń ta jù ló máa kọ́kọ́ kó o,
torí òun ló máa gbà kí wọ́n yọ nínú rẹ̀ jù.
Ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn ilé ìtajà ajílẹ̀ Wàkáṣàn,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún rúpì wà nílẹ̀.
Ẹnìkan ní òun á gbà á ní igba ó lé àádọ́rin.
Bàbá mi, tó máa ń ná ẹja títí ẹja a fi rà,
dìde, ó ní: igba ó lé ọgọ́ta.
Ẹlòmíràn ní: àádọ́ta.
Mo rí i tó gbé itọ́ mì.
Mo fẹ́ ké pé, Bàbá, jókòó.
Ó ní: igba ó lé mẹ́wàá.
Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.
A ó san án padà ní pípé, fún oṣù ogójì,
òjò ìbáà rọ̀, òjò ìbáà dá.

Kò sọ̀rọ̀ lọ́nà ilé. Ó kàn ní,
“Ìmọ̀ omi. Ṣé èyí tó wà nílé kò tó ọ ni?”
Agbòjò wa kan ṣoṣo ń jò sí èjìká rẹ̀.

Apá òsì ṣì gùn ju apá ọ̀tún lọ.
Ìyá àgbà, Ẹlísúwà, pè mí sí ibi ìdáná.
Ó ní kí n mú ọṣẹ wá.
Láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni òrùka wúrà méjì
ti wà lókè etí rẹ̀, níbi tí etí ti le;
wọn ò kúrò níbẹ̀ rí, kódà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú.
A fi ọṣẹ àti òróró àgbọn yí wọn.
Ọ̀kan jáde. Èkejì gba àkókò, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀.
“Má sunkún,” ló wí, “máa yí i.”
Gíráàmù méje. Mo kọ ọ́ sí apá ọ̀tún.

Òjò Gẹ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ìbínú.
Mo ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan lálẹ́;
lọ́sàn-án mo ń kọ́ bí omi ṣe ń gba inú àpáta kọjá.
Oṣù mọ́kànlélógún ló kù kí kuri tó parí.
Lánàá, lórí fóònù, Ìyá àgbà yí etí sí mi.
Ó ti fi ẹyọ ìgbálẹ̀ há ihò náà,
ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún,
kó má baà dí kí n tó dé.