Ìka Méjì Lórí Pákó

Bí inú bá bí mi, gbogbo etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló ń gbọ́.
Ilé olóhùn ńlá ni wọ́n bí mi sí:
a kì í jà níbẹ̀, a kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Màútìn, ọmọ Ègùn tó ti Àjárá wá,
bí inú bá bí i, á máa pọ́n àáké.
Á pọ́n ọn, á pọ́n ọn, kò ní wò ọ́.

Agbéraga ni mo pè é.
Mi ò mọ̀ pé òun náà ti bi ìyàwó rẹ̀:
ẹni tó ń ké báyìí nítorí ìṣó,
lọ́jọ́ tí òkú bá sùn, kí ló máa kù tó máa ké?

Ọjọ́rú, à ń kan ìdí ọkọ̀ Àlájà.
Màútìn fi ìka méjì kan pákó kẹta.
Kó, kó.
Ó wojú mi, ó tún un kàn.
Mo ní, "Ṣé eré la wá ṣe?"
Ó na ìṣó sí mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ wọ omi.
Kò tíì kọjá èbúté tí omi fi gba ìdí pákó kẹta wọlé,
jẹ́jẹ́, bíi Màútìn fúnra rẹ̀.

À ń gbọ́n omi, mo ní, "O mọ̀, o ò sọ."
Ó ní, "Mo sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Lánàá, Rájí fẹ́ rẹ́ igi níbi tí kò yẹ.
"Rárá!"
Lékeléke fò lórí àwọ̀n.
Màútìn ni.
Mo fẹ́ sọ fún un pé kó rọra.
Mo fa àáké mi yọ, mo ń pọ́n ọn.