Ìgò Kẹẹ̀ẹ́dógún

Lọ́jọ́ọ Ìṣẹ́gun, mo máa ń gbé ìgò mẹ́rìnlá
sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Itillersuaq.
Mo bu omi tó ń yọ lábẹ́ yìnyín,
mo bu kànga ilé ìwé,
mo bu ibi tí àgùntàn ti ń mu.
Mo kọ wákàtí sára ìgò, mo kọ bí omi ti tutù tó;
ìka mi á ti kú tán kí n tó dé ìdérí ìkẹyìn.

Ọdún keje rèé.
Wọ́n ní erùpẹ̀ ọ̀wọ́n wà nínú òkúta òkè wa.
Mo bi Kálọ́m, tó mọ òkúta bí ẹní mọ ọmọ ìyá rẹ̀:
ṣé ó wọ́n lóòótọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò wọ́n rárá,
ó kàn fọ́nká bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ni;
kí o tó rí ṣíbí kan ṣà jọ,
wàá gbọ́n gbogbo ìkòkò gbẹ.
Ó ní, "Ìwé àṣẹ ló wọ́n."

Ìwé náà rèé lórí tábìlì, ojú ewé ẹgbẹ̀fà:
orí kan fún eruku, orí kan fún ariwo,
orí kan fún ẹyẹ tó ń yé sí pàlàpálá àpáta.
Èmi ni mo ni orí omi,
bí orúkọ mi ò tilẹ̀ sí níbẹ̀.
Ìjọba ti dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta.
Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ọdún kan ò tó wọ̀n.
Lẹ́ẹ̀kejì, ìbò ti gbé ẹlòmíràn wọlé.
Lẹ́ẹ̀kẹta wọn ò sọ nǹkan kan,
fọ́ọ̀mù tuntun ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Nínú àká, òkúta gbọọrọ tí a gbẹ́ jáde
sùn sínú àpótí pákó bí ẹja gbígbẹ.
Bí mo bá paná, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò,
wọn á pọ́n wá bí ẹyinná tí kò gbóná.
Ẹ̀rọ ọwọ́ Kálọ́m á máa gbọ̀n keke
bí eyín ẹni tí òtútù mú:
ohun tí à ń wá ní alábàágbé kan
tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè.

Wọ́n pe ìlú jọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá.
Bàbá àgbà mi, Ottooraq, alágùntàn irínwó, dìde.
"Ìdọ̀tí tó bá ṣẹ́ kù, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Fún ọdún mélòó?"
Ìbéèrè náà gba ẹnu ògbufọ̀ méjì kọjá;
ìgbà tí ìdáhùn fi máa padà, ó ti rù kan eegun.
Àǹtí mi Sørine náà dìde:
"Ọmọ mi ń fọ abọ́ ní Denmark.
Ṣé irun àgùntàn ni yóò gbé e wálé?"
Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.
Mo jókòó sáàárín wọn, ìgò ń kan ara wọn nínú àpò mi.

Wọ́n ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.
Omi etí ìlú tiwa ń padà wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́;
ohun tí a bá fún un, yóò gbé e wá fi hàn wá.

Ní oṣù Kẹwàá, àbájáde dé láti òkè òkun.
Omi tí àgùntàn ń mu ti ní èròjà tí ń jẹ eyín,
kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.
Inú ilé iṣẹ́ dùn: òkè fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀!
Mo sáré lọ sọ fún bàbá àgbà.
Ó ń la ẹnu àgbò kan wò. Kò gbójú sókè.
"Ìdí tí a kì í fi í dà wọ́n gba ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹjọ nìyẹn.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Ó wọlé, ó mú ìgò jáàmù kan jáde,
ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a gbẹ.
"Bu tèmi náà. Kọ ọjọ́ òní sí i.
Má fi ránṣẹ́ síbì kankan."

Ó wà nínú fíríìjì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran.