Bàtà Mẹ́tàdínlógójì, Ẹsẹ̀ Mọ́kàndínlógójì

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má dá mi lẹ́jọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lẹ bàtà ní Tržič,
nídìí ẹ̀rọ kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkè oníyìnyín,
ihò imú mi kún fún òórùn gúlúù,
ọwọ́ mi ń ṣe orí bàtà obìnrin ní ṣóńṣó,
ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ.
Ìparí ọdún, ọ̀gá á pín àwọn tó lábùkù fún wa.
Mẹ́tàdínlógójì ló máa ń ṣẹ́kù.
Mọ́kàndínlógójì ni ẹsẹ̀ mi.
Mo tì í wọ̀ ọ́. Mo fi ìdí ṣíbí tì í wọ̀ ọ́.
Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo bá Lojze jó títí ilẹ̀ fi mọ́,
mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń payín keke.

Ẹ̀yin ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.
Wọ́n ní ìka kò dọ́gba; mo gbà.
Ṣùgbọ́n ta ló ní kẹ́ ẹ máa gun ara yín?
Àtàǹpàkò, ìwọ àgbà, o kúrò lójú ọ̀nà,
o fara ti àwọn àbúrò rẹ bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri,
eegun ẹ̀gbẹ́ rẹ yọ síta bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń du àyè nínú ọkọ̀.
Ìkejì gùn ọ́ lẹ́yìn.
Ìkẹta ká kò bí ìwọ̀ ẹja, orí rẹ̀ ń ha òrùlé bàtà,
ó hu kókó líle bí hóró àgbàdo.
Ìkarùn-ún, kékeré, mi ò mọ ọdún tí mo rí ojú rẹ gbẹ̀yìn.

Nejc Ahačič ló gbà mí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Bàbá bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá tó ń pín bàtà. Mi ò sọ fún un.
Ó ní kí n tẹ fóòmù inú páálí,
ẹsẹ̀ mi rì, ó jáde, ó fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.
Ó wò ó títí. Kò pòṣé. Mo dúpẹ́ pé kò pòṣé.
"Ìyá, eegun tó ti yà, bàtà kì í dá a padà.
Ẹni tó bá ní òun yóò fi rọ́bà tọ́ ọ, irọ́ ló ń pa.
Àyè ni mo lè fún un. Àyè, àti ohun tí yóò gbé e ró."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé wọn dé:
orí wọn fẹ̀ bí búrẹ́dì ọjọ́ Àìkú,
awọ àgbọ̀nrín rírọ̀, kò sí ojú abẹ́rẹ́ níbi tí eegun ti yọ,
tìmùtìmù inú rẹ̀ ga díẹ̀ lábẹ́ àárín àtẹ́lẹsẹ̀,
rọ́bà kékeré kan sì wọ àárín àtàǹpàkò àti ìkejì,
ó là wọ́n níjà bí àgbàlagbà àdúgbò.
Minka àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́:
"Cilka, ọkọ̀ ojú omi méjì lo wọ̀ yẹn!"
Ẹ jẹ́ kó rín. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á.
Wákàtí kan lọ́jọ́ kìíní. Méjì lọ́jọ́ kejì.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo gun òkè lọ sí itẹ́ òkú,
mo tan àbẹ́là fún Lojze, mo sì dúró.
Mo kàn dúró. Mi ò wá ibi jókòó.

Lánàá, Zala, ọmọ ọmọ mi, ṣí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó rí wọn: pupa, ṣóńṣó. Wọn ò gbó; èmi ni mo gbó.
"Ìyá àgbà, ṣé mo lè wọ̀ wọ́n lọ sí ijó ìparí ẹ̀kọ́?"
Mi ò wàásù. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀,
mo ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó dúró lé e,
mo fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká,
ìka márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tirẹ̀.
Mo wá gbé bàtà pupa lé àwòrán náà.
Ẹsẹ̀ yọ lọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ yọ lósì.
Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.
Ó fi ìka ọwọ́ tọ ibi tí pẹ́ńsù yọ sí,
lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì,
ó wo ẹsẹ̀ mi.