Ìlóṣòó

Iṣẹ́ mi ni kí n máa rán ẹ̀yìn ìwé tó ti ya
ní ilé ìkàwé kan n'Ífẹ̀.
Ọmọ Iléṣà ni mí. Àárọ̀ ni mo ń wọkọ̀ wá,
àṣálẹ́ ni mo ń padà sí Ìsọ̀kùn.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìwé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́,
ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀:
ìtàn ìdílé Minasegawa, ará Japan,
àwọn jagunjagun onídà méjì,
ewé mẹ́ta ni àmì ara aṣọ wọn.

Nígbà tó yẹ kí n máa po àtè,
ìwé ni mo ń kà.

Olùṣọ́ odò ni baba ńlá wọn,
ó pọn olúwa rẹ̀ sẹ́yìn la omi já lóru ogun.
Ọmọ rẹ̀ kú sógun. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kú sógun.
Ẹnì kan nínú wọn kò kú sógun:
ewì nípa òjò ló ń kọ,
ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí
bí ẹni fi ọwọ́ bo àbàwọ́n aṣọ.
Òun ni mo fẹ́ràn jù.

Igba ọdún ni wọ́n fi jókòó lórí gìgísẹ̀
níwájú olúwa wọn, ẹ̀yìn nà ṣanṣan,
títí ìwé fi dé láti ààfin:
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé idà rìn nígboro mọ́.
Harumichi, èyí tó kẹ́yìn, ta idà kan,
ó fi èkejì há òrùlé,
ó ṣí ìsọ̀ epo fìtílà.
Wọ́n ní kò mọ bí a ti ń pe oníbàárà.
Ó kàn jókòó lórí gìgísẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
bí ẹni pé olúwa rẹ̀ ń bọ̀ wá ra epo.

Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́wàá péré ló wà
láàrin ìwé tó gba idà lọ́wọ́ tiwọn
àti ìwé tó ní kí tiwa sọ ìbọn kalẹ̀.
Arógundádé bá ìró kírìjì gòkè,
ó bá àlàáfíà sọ̀ kalẹ̀. Kò mọ oko.
Ọmọ rẹ̀ gbé aṣọ léjìká, ó rìn dé Àkókó,
ó tà á láwìn. Tí owó bá pẹ́,
á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Kò bú u. Kò gbọ́wọ́ sókè.
"Òṣó ni mà á ló kí n tó gbowó mi."
Òjò pa á. Ọmọdé ń sín in jẹ.
Èmi náà ti fi rẹ́rìn-ín rí, k'Ólúwa dárí jì mí;
n kò mọ̀ pé ẹni tí ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀
ló ń fi orúnkún ṣọ́ ibodè.
Wọ́n ní nígbà tí a tẹ́ ẹ sínú pósí,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ká padà.

Mo lẹ ìwé náà. Mo gbé òkúta lé e kó lè gbẹ.
Mo dé Ìsọ̀kùn, iná ò sí.
Mo gun àjà lọ wá ìbọn Arógundádé:
ìdí rẹ̀ onígi nìkan ló kù.
Ẹ̀gbọ́n mi Fọlágadé ti ta irin rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù
lọ́dún tí a ń wá owó ilé-ìwé mi.

Mo gbé igi náà sílẹ̀, mo lóṣòó níwájú rẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.